Ewéko Tí Ó Gbààwẹ̀ ní Nima

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ọ̀fẹ́ ni iyẹ̀pẹ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ iyẹ̀pẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò bù ú. Lónìí, ní Accra yìí kan náà, ogún sídì ni wọ́n ń ta àpò iyẹ̀pẹ̀ dúdú kan lẹ́bàá títì, ẹni tó ń tà á á sì tún máa wò ọ́ bí ẹni tó ń ṣe ọ́ lóore. Mo bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, iyẹ̀pẹ̀ ni." Mo sanwó mi. Kẹ̀nkẹ́ tí à ń fi pẹ́sẹ̀wà díẹ̀ jẹ yó ní yunifásítì, tí ẹja á tún wà lórí rẹ̀, ti di ohun tí èèyàn ń wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó nawọ́ sí i. Ọkọ̀ tó ń gbé wa láti Circle dé ẹsẹ̀ òkè olókùúta kan tí a máa ń gùn nígbà náà, pẹ́sẹ̀wà mẹ́wàá ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ á sì dúró dè wá bí a bá fẹ́ tọ̀. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, owó tí mo fi wọkọ̀ tó ohun tí bàbá mi fi fẹ́ ìyá mi, awakọ̀ kò sì dúró.

Ìmọ̀ ewéko ni mo kọ́ ní yunifásítì. Ọjọ́ tí mo sọ fún bàbá mi, tó ń ta irin kẹ̀kẹ́ ní Nima, ó wò mí títí. Ó ní, "Ewé? Ìyá mi tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ ewé, kò sì sanwó ilé-ìwé fún ẹnikẹ́ni." Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ dókítà ni mò ń kọ́. Títí tó fi kú ni wọ́n ń ká ṣòkòtò sókè láti fi egbò hàn mí.

Àwa méje la wà ní kíláàsì. Ní ọdún kejì, olùkọ́ wa kó wa lọ sí òkè olókùúta kan ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlú, ó fi ewéko kékeré kan hàn wá tí kò sí níbòmíràn láyé àfi lórí irú òkè mélòó kan bẹ́ẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ń gbé ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò ká gúlútú bí iṣu kókò, yóò máa sùn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, kó tó yọ ewé kankan, yóò kọ́kọ́ ti òdòdó kan ṣoṣo jáde, àwọ̀ ẹ̀dọ̀ màlúù, tí kò ní lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá yọ ewé kan, tí á fi jẹun títí òjò á fi lọ. Olùkọ́ wa ní kí a kúnlẹ̀ kí a gbóòórùn òdòdó náà. A kúnlẹ̀. Ó ń rùn bí irú tí ẹnìkan gbàgbé sínú mọ́tò tó tì pa sínú oòrùn. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin méjì tó wà láàárín wa bì sórí bàtà olùkọ́. Eṣinṣin nìkan ni inú wọn dùn.

Ó ní orúkọ gígùn nínú ìwé, ṣùgbọ́n Irú Òkè la sọ ọ́. A sì búra, bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe máa ń búra lórí ohun tí kò kan ẹnikẹ́ni, pé lọ́dọọdún tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, a ó máa gun òkè lọ kí i. A mú un ṣẹ, àfi pé ìgbéyàwó, ìrìn àjò àti orúnkún dídùn ń dín wa kù. Nígbà tó yá, ó ku èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ará Gã, olùkọ́ bíi tèmi, tó ń gbé ní Kokomlemle.

Lẹ́yìn náà ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Ní ìgbà èwe wa, bí òjò bá rọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló sọ yẹn. Nísinsìnyí, á rọ̀ gìdìgìdì ní ọjọ́ kan láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, á sì pa rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, oòrùn tí a kò mọ̀ rí á wá jókòó sórí àpáta náà. Irú Òkè á ti gbọ́ kíkán omi, á ti dìde. Ó dà bí àlejò tó tẹ̀ ọ́ láago pé òun ti wà lójú ọ̀nà: ìwọ dáná, o se gbogbo ohun tó kù nílé, àlejò kò dé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún tẹ̀ ọ́ láago. Bí wọ́n bá ṣe é fún èèyàn lẹ́ẹ̀mẹta, kí ló máa kù nínú abà? Bẹ́ẹ̀ ni Irú Òkè ṣe ń jẹ ara rẹ̀ tán nínú ilẹ̀. Níbi tí a kì í lè kà wọ́n tán tẹ́lẹ̀, ọdún kan dé tí a wá a yíká òkè, tí a rí méje péré.

Ọ̀rẹ́ mi jókòó sórí òkúta. Ó ní, "Ṣále," bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rẹ́ ní Accra, "méje. Bíi tiwa nígbà yẹn."

Mo ní, "Àwa ti di méjì."

"Ìdí tí mo fi sọ ọ́ nìyẹn."

A bẹ àwọn olùṣọ́ òkè náà, wọ́n gbà pé kí a wú méjèèje. Mẹ́rin bá mi wá sí Nima, mẹ́ta tẹ̀ lé e lọ sí Kokomlemle. Èrò wa ni pé kí a gbé wọn sábẹ́ òrùlé níbi tí òjò òpùrọ́ kò ti ní lè tàn wọ́n, kí wọ́n tanná, kí wọ́n so. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò lè dá so. Ọjọ́ tí òdòdó bá ṣí ni abo inú rẹ̀ ṣetán. Ìyẹ̀fun akọ kì í jáde títí di ọjọ́ kejì, nígbà tí abo ti ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà, méjì gbọ́dọ̀ tanná, kí èkejì tẹ̀ lé èkíní ní ọjọ́ kan géérégé. Gbogbo ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kò ju ìyẹn lọ: kí méjì nínú méje tanná tẹ̀ léra wọn, kí a rí kóró ká, kí ìran Irú Òkè má baà parun mọ́ wa lọ́wọ́.

Ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Nima ni mò ń gbé pẹ̀lú àbúrò mi obìnrin, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó sì ń dín kóòsé, ìyẹn àkàrà, lágbàlá. Níwájú ilé náà, lábẹ́ òrùlé, bẹ́ǹṣì kan wà tí àwọn àgbààgbà márùn-ún máa ń jókòó sí ṣe àlùwàlá kí wọ́n tó kọjá sí mọ́ṣáláṣí ratíbì tó wà ní òdìkejì. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì yìí ni mo to ìkòkò mẹ́rin náà sí, nítorí pé ibẹ̀ tutù. N kò ronú kọjá bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá mọ̀ nípa àlùwàlá mọ̀ pé omi díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù nínú kẹ́tù. Àlhájì, tó dàgbà jù nínú wọn, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wo kẹ́tù rẹ̀, ó wo ìkòkò mi. Ó ní láádà ńlá wà nínú fífún ohun abẹ̀mí lómi, ó sì da ìyókù sí i. Bàbá télọ̀ tó jókòó tì í kò fẹ́ kí láádà kọjá òun, ó da tirẹ̀. Àwọn mẹ́ta yòókù dà. Èèyàn márùn-ún, ìgbà márùn-ún lójúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi náà ń dà á, tèmi ló sì pọ̀ jù, nítorí èmi ní láádà, mo tún ní dìgírì.

Ọyẹ́ dé, igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà di eléruku, ṣùgbọ́n ewé Irú Òkè mi dúró digbí, ó tẹ́ bí agboòrùn. Bí ó ṣe wà fún ọdún méjì nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń tẹ ọ̀rẹ́ mi láago.

"Tìrẹ ńkọ́?"

Á ní, "Wọ́n wà níbẹ̀. Orúnkún rẹ ńkọ́?"

Bí àbúrò mi bá bi mí ìdí tí tèmi kò fi tanná, mo máa ń sọ pé ìyàwó tuntun kì í ti ojú ọ̀nà sọ̀rọ̀.

Nínú ọyẹ́ kejì ni ọ̀rẹ́ mi dé pẹ̀lú àpò ọ̀rá kan. Kò jókòó.

"Álátà," bí àwọn Gã ṣe ń pe àwa Yorùbá, "mo ti pa wọ́n."

"Kí lo sọ?"

"Nígbà tí mò ń kun ilé ni mo gbé wọn sẹ́yìn wọ́dúróòbù. Mo gbàgbé. Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta tí wọn ò fẹnu kan omi."

Mo dárí jì í. Mo fi ohùn òkè dárí jì í, kí àbúrò mi lè gbọ́ nídìí iná, kí Àlhájì náà sì gbọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní a kò lè jẹ́ bákan náà, pé ìtọ́jú ohun ọ̀gbìn kì í ṣe ẹ̀bùn gbogbo ènìyàn. Mo wá fà á lọ́wọ́ lọ wo tèmi.

Ó dúró lójijì. "Kí ló dé tí èyí fi ní ewé? Nínú ọyẹ́?"

"Ìtọ́jú."

"Ìtọ́jú! Ṣále, o ti sọ ọ́ di létúùsì. Lórí òkè, ǹjẹ́ a rí ewé rẹ̀ nínú ọyẹ́ rí?"

A da tirẹ̀ sílẹ̀ kúrò nínú àpò ọ̀rá. Eku ti jẹ ọ̀kan tán. Ṣùgbọ́n méjì yòókù le gbandi bí ẹyin tí a sè, ẹnu wọn sì ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sùn tó sì ń lálàá rere. Mo ki ìka bọ ìkòkò tèmi àkọ́kọ́. Ìka mi wọlé bí ẹni pé àkàmù ni. Ti ìkejì, àkàmù. Ti ìkẹta, n kò tilẹ̀ ní sọ ohun tí mo bá. Ìkẹrin rọ̀ lápá kan, ṣùgbọ́n apá kejì ṣì le.

Àbúrò mi ti sún mọ́ wa, ṣíbí ìdínkóòsé lọ́wọ́ rẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ọdún mélòó lẹ lò ní yunifásítì?"

"Mẹ́rin."

Ó ka àwọn ìkòkò. "Ọdún mẹ́ta ti jẹrà nìyẹn."

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ òpó. Nígbà tó ṣe tán, ó ní tirẹ̀ méjì á tanná bí òjò bá dé, ṣùgbọ́n òun kò lè fọkàn tán an pé wọn á tẹ̀ léra. Ẹyọ kan tó kù yìí gbọ́dọ̀ sùn, kí ara rẹ̀ gbẹ, kí ó lè bá wọn jí. Mo gé apá tó rà, mo fi eérú pa ojú egbò náà, mo gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ. Ó ku kí n bá àwọn onílàádà sọ̀rọ̀.

"Àlhájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bomi rin ín mọ́. Omi ló pa àwọn yòókù."

"Omi àlùwàlá? Omi tí a fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀? Tíṣà, ṣé ohun tí wọ́n kọ́ yín nìyẹn?"

Bàbá télọ̀ ní, "Ilé-ìwé òyìnbó ni. Tó bá yá, wọn á ní oúnjẹ ló ń pa èèyàn."

Àlhájì fajú ro. "Dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ìrẹsì ló dárúkọ."

Mo gbé ìkòkò náà sábẹ́ ibùsùn mi. Lọ́jọ́ kejì, Àlhájì wá bá mi kẹ́dùn. Ó jókòó, ó ní Ọlọ́run á fi èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mú ọ̀pá rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀, ó rí ìkòkò náà, ó rí ewé tó ń rọ. "Ó ń kú lọ́wọ́ òùngbẹ!" Kí n tó fi orúnkún yìí dìde, ó ti da omi tí mo fẹ́ mu sí i. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá télọ̀ gba ojú fèrèsé da tirẹ̀ sí i.

Mo lọ bá àbúrò mi, mo ní wọ́n máa pa mí. Kò gbójú sókè kúrò lórí epo tó ń hó. Ó ní, "Ẹ ò ṣe sọ fún wọn pé ó ń gbààwẹ̀?"

Mo yí padà lọ síbi bẹ́ǹṣì.

"Àlhájì, ààwẹ̀ ló ń gbà."

"Ta ló ń gbààwẹ̀?"

"Irú Òkè. Lọ́dọọdún tí ọyẹ́ bá dé, kì í jẹ, kì í mu, títí òjò tòótọ́ á fi dé. Òjò irọ́ tó ń rọ̀ lóde òní, ńṣe ló ń jí i fún sààrì láìtó àkókò, tó ń mú un jẹ gbogbo oúnjẹ rẹ̀ kí oṣù tó yọ. Ohun tó pa àwọn ẹbí rẹ̀ lórí òkè nìyẹn."

Àlhájì ṣí fìlà.

"Tíṣà. Ọdún méjì gbáko la fi ń fipá bu omi sí ẹlẹ́ààwẹ̀ lẹ́nu, ẹ sì jókòó síbí, ẹ̀ ń wò wá?"

"Èmi náà ń bù ú, sà."

"Ọlọ́run á forí jì wá."

Láti ọjọ́ náà, mi ò ní iṣẹ́ kankan mọ́. Wọ́n gbé ìkòkò padà sí ìta, wọ́n sì gbé bẹ́ǹṣì wọn kúrò níbẹ̀, kí omi má baà ta sí i. Wọ́n lé àbúrò mi tòun ti aṣọ ìnulẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tó ń kiri omi tútù, wọ́n ní bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, kó rọra máa polówó. Bàbá télọ̀ kò jẹ kóòsé níwájú rẹ̀ mọ́. Á kẹ̀yìn sí i kó tó gbé e sẹ́nu. Ewé gbẹ, ó wó lulẹ̀. Wọ́n kí mi kú oríire.

Lẹ́yìn oṣù kan ni òjò irọ́ dé ní ọ̀sán gangan, atẹ́gùn sì ń fẹ́ ẹ wọ abẹ́ òrùlé. Kí n tó wọ bàtà, àwọn àgbààgbà márààrún ti dé ìdí ìkòkò. Ẹnìkan ṣí agboòrùn, ẹnìkan na ẹní ìkírun, Àlhájì sì tẹ́ apá ẹ̀wù rẹ̀ bí àdìẹ tó ń pa òròmọ mọ́ra. Omi ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó kígbe mọ́ òjò pé, "Òpùrọ́!" Ó tún bojú wolẹ̀, ó rọra sọ fún ìkòkò pé, "Má dá a lóhùn o. Sùn."

Òjò náà dá, kò sì padà wá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àlhájì ń rìn káàkiri Nima bí ẹni tó wọlé ìbò.

Nígbà tí òjò tún dé, àríyànjiyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní òjò tòótọ́ ni, àwọn kan ní kò ì tó bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lórí oṣù lọ́dọọdún. Àlhájì ní òun kò ní gbà láìsí ẹlẹ́rìí méjì. Mo tẹ ọ̀rẹ́ mi láago, ó ní ó rọ̀ ní Kokomlemle náà. Bàbá télọ̀ ní Gã kì í ṣe Mùsùlùmí, ẹ̀rí rẹ̀ kò pé. Ó rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, èsúnsún sì fò jáde wọ inú epo àbúrò mi. Ìgbà náà ni wọ́n tó fẹnu kò. Àlhájì ṣe Bìsìmílà, ó da kẹ́tù àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, ó sì gbé dàbínù kan sẹ́bàá ìkòkò kó fi ṣínu. Mo jẹ́ kó wà níbẹ̀. Mo ti sọ̀rọ̀ tó lọ́dún yẹn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ọ̀rẹ́ mi pè. "Ọ̀kan ti ṣí. Èkejì yọ ewé lásán. Ilé ń rùn, àwọn ayálégbé ń wá òkú eku kiri. Tìrẹ ńkọ́?"

Tèmi ti yọ, ṣùgbọ́n ó di ẹnu pinpin. Bí kò bá ṣí ní ọjọ́ kejì, tirẹ̀ á kógbá, kóró kò ní sí, a ó sì tún dúró dọdún mìíràn. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe ẹni tó ń fi ọdún tọrẹ mọ́. Mo jókòó tì í láti ìdájí. A kírun ọ̀sán, kò ṣí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ wọlé fún ti ìrọ̀lẹ́, eṣinṣin kan bà lé e. Eṣinṣin kejì dé. Bàbá télọ̀ bo imú.

Mo kígbe sínú fóònù pé, "Máa bọ̀!"

Ó wọ ọkọ̀ tròtrò ní Circle, ó gbé ìkòkò náà ka itan, ó fi aṣọ bò ó. Ohun tó sọ fún wa nìyí. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí obìnrin kan fi wo ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ọkùnrin náà ní, "Ìyá, kì í ṣe èmi o." Olúkúlùkù gbé ẹsẹ̀ sókè wo abẹ́ bàtà. Méètì, agbowó ọkọ̀ náà, ní ẹni tó bá gbé ẹran tó ti bàjẹ́ kó jẹ́wọ́. Oníwàásù kan dìde lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù lórí ẹ̀ṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀, ọ̀rẹ́ mi sì ń ṣe Àmín sókè ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí eṣinṣin wá bò ó ni wọ́n já a sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi rìn ìyókù, tòun ti eṣinṣin rẹ̀.

A kò ní ohun tí a ó fi kó ìyẹ̀fun náà. Mo sáré wọlé mú igi tìróò àbúrò mi. Ọ̀rẹ́ mi gbé ìkòkò tirẹ̀ dání, mo fi igi náà nu ìyẹ̀fun láti inú tirẹ̀, mo rọra fi kan abo inú tèmi. Àwọn àgbààgbà dúró lókèèrè, wọ́n fi áńkáṣífì bo imú.

"Ṣé wọ́n ti yigi?" bàbá télọ̀ béèrè.

Mo ní, "Ó ti parí."

Àlhájì ṣe àdúà fún àwọn méjèèjì pẹ̀lú imú dídì, Àmín wa sì ń dún bí ti ẹni tí òtútù mú. Àbúrò mi rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi. "Igi tìróò mi! Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ fi ṣe?"

Ó so. Èso pupa kan jáde, ó ṣù bí àgbàdo kékeré, mo sì ká kóró mọ́kànlá nínú rẹ̀. A gbìn wọ́n. Ọyẹ́ míràn ti dé báyìí, gbogbo wọn ti wọ ààwẹ̀, mo sì jókòó láti kọ ẹni tó kù sílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó máa kọ ọ́.

Olùkọ́ wa ti kú. Nínú àwa méje tó gun òkè, obìnrin tó bì sí i ní bàtà ti kú ní Kumasi. Ẹni tó mọ àwòrán yà jù ti kú. Ẹni tó ga jù, tó máa ń gbé omi wa, ti kú. Èyí tó lọ sókè òkun kò kọ lẹ́tà mọ́, ṣùgbọ́n mo kà á mọ́ àwọn tó wà láàyè, níwọ̀n ìgbà tí kò sí ẹni tó sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Obìnrin kejì wà láàyè ní Cape Coast. Kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dárúkọ Irú Òkè lórí fóònù, ọmọ rẹ̀ ní ó fọwọ́ di imú. Ọ̀rẹ́ mi ará Gã wà láàyè. Èmi náà wà. Nínú àwọn onílàádà, bàbá télọ̀ kú kí kóró tó hù. Àlhájì àti àwọn mẹ́ta yòókù wà. Nínú méje tí a wú lórí òkè, tèmi tó so èso lo gbogbo agbára rẹ̀ tán, ó ti kú. Méjì ti ọ̀rẹ́ mi wà láàyè. Nínú kóró mọ́kànlá, èèrà gbé méjì, mẹ́ta kò hù. Mẹ́fà yòókù, mo fi ìka wú iyẹ̀pẹ̀ wò lánàá. Wọn kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Wọ́n le gbandi. Wọ́n wà láàyè.